Pápá Ìṣeré Liberty: Ohun Ìní Àgbẹ̀ Ni

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo sọ ní ìpàdé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀)

Ọ̀rọ̀ pápá ìṣeré ni mo bá wá. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò máa wí nínú ara rẹ̀ pé, "Kí ni ó kan àgbẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù gbígbá?" Ẹ fi ara balẹ̀. Ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kàn yín ju ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù lọ.

Ní 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, ni a ṣí pápá ìṣeré ńlá tí ó wà ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn. Liberty ni a sọ ọ́, èyí tí í ṣe Òmìnira. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó kọ́ ọ. Ní 2010 ni a yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹni tí ó ṣe olórí ìjọba náà láti 1954 títí di òpin 1959.

Níbo ni agbára ìjọba náà ti wá? Kòkó ni. Ìgbìmọ̀ tí ń bá àgbẹ̀ ta irè oko ní ìgbà náà kì í san gbogbo iye tí kòkó ń pa ní òkè òkun fún ẹni tí ó gbìn ín. Ó ń fi apá kan pamọ́, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni a sì fi ran ìjọba lọ́wọ́. N kò sọ pé kòkó nìkan ni ó ra gbogbo òkúta ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè ka ìṣúná Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà kí ó má dárúkọ àgbẹ̀. Ìjọba tí ó dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní 1955, tí ó sì gbé ilé tẹlifíṣọ̀n kalẹ̀ ní 1959, òun náà ni ó kọ́ pápá yìí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a fi ṣe. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1963, Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà, kan ẹ̀ṣẹ́ pẹ̀lú Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà níbẹ̀ fún ipò akọni gbogbo ayé. Lẹ́yìn abala keje, Fullmer kò lè jáde mọ́. Ní 1980, nígbà tí a du ife-ẹ̀yẹ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní ilẹ̀ wa, Àlùjíríà, Gánà, Mòrókò àti Gínì wá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ní 1999, àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé náà gbá tiwọn níbẹ̀.

Bí a ti ń ṣe irú pápá bẹ́ẹ̀ rọrùn láti yé àgbẹ̀. Koríko bọ́ọ̀lù wà ní àárín. Ọ̀nà eré sísá, tí yípo rẹ̀ kan jẹ́ 400 mítà, yí i ká. Ìjókòó àwọn èrò sì yí ọ̀nà náà ká. Ó ní àléébù tirẹ̀: ọ̀nà eré sísá a máa mú òǹwòran jìnnà sí bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan, gọ́tà kan àti òrùlé kan ń sin eré púpọ̀, owó tí bọ́ọ̀lù bá mú wọlé sì lè tọ́jú ọ̀nà tí ọmọ ilé-ìwé ń sá eré lórí rẹ̀. Bí ẹni gbin iṣu sí àárín ẹ̀gẹ́ ni: ilẹ̀ kan, irè méjì.

Àwọn kan ń wí pé ebi ń pa wá, kí ni a ń fi pápá ṣe? Èmi kò kẹ́gàn ẹni tí ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti fi òógùn rà, bí a bá jẹ́ kí ó bàjẹ́, a ó tún fi òógùn ra òmíràn. Ìyẹn ni ebi kejì. Nígbà tí pápá náà bọ́ sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìwé ìròyìn fi ké pé ó ń dẹnu kọlẹ̀. Ẹni tí kò bá ẹ̀fọ́n jà ní igbó kì í mọ iyì awọ rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ yín sí. Èkínní, kí olúkúlùkù ẹ̀ka ẹgbẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wá tọrọ ìbò: èló ni a yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pápá, ta ni yóò sì jíhìn rẹ̀? Èkejì, kí a má ṣe gbà kí a gé ilẹ̀ pápá tà, ìbáà ṣe ti Ìbàdàn, ìbáà ṣe ti abúlé. Ẹ̀kẹta, kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín pé àwọn bàbá àti ìyá wọn wà lára àwọn tí ó ni ín.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ni àgbà ọjà yìí.