Iná Ọkọ̀ Tí A Tún Ṣe Tí Ó Tún Kú

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn àwọn baba wa. Ọ̀rọ̀ iná ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni: iná tí a tún ṣe ní ọjọ́ Ajé, tí ó kú ní Ọjọ́bọ̀, tí a tún padà ṣe ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ó sì tún fi wá sílẹ̀ nínú òkùnkùn kí oṣù tó parí. Àwọn àgbà wí pé bí iná kò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. Iná tí ń jẹni lára ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n òwe náà bá iná ti ọkọ̀ mu rẹ́gí. Bí a kò bá rí ìdí àrùn náà, ọwọ́ wa kò ní kúrò nínú àtúnṣe.

Ẹnìkan lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọkọ̀ tí ọ̀kan nínú iná iwájú rẹ̀ ti kú, alùpùpù ni lójú ẹni tí ń bọ̀ lókèèrè ní òru. Ààyè tí ó tó alùpùpù ni onítọ̀hún yóò fi sílẹ̀ fún un, ìgbà tí wọ́n bá sì fẹ́rẹ̀ kọlura ni yóò tó mọ̀ pé odidi ọkọ̀ ni ó wà níwájú òun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkọ̀ akẹ́rù tí kò ní iná ẹ̀yìn, ògiri ni fún ẹni tí ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nínú òkùnkùn. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní 1988, ka iná ọkọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ní ìtanràn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí owó ìtanràn ni a ṣe ń sọ̀rọ̀, bí kò ṣe nítorí ẹ̀mí.

Nígbà tí iná bá kú, ohun tí a sábà máa ń ṣe ni pé kí á ra gílóòbù tuntun tàbí fíúsì tuntun. Kò burú ní ìgbà àkọ́kọ́, nítorí gílóòbù a máa gbó. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, tí ó sì di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọlọ́gbọ́n kò ní dá gílóòbù lẹ́bi mọ́. A kì í fi ètè sílẹ̀ kí á máa pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ fíúsì wò. Oníbodè ni fíúsì í ṣe. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí a sì rán an ni pé kí ó yọ́, kí ó já, nígbà tí iná tí ń kọjá bá pọ̀ ju èyí tí wáyà ọkọ̀ lè gbé lọ. Bátìrì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní jẹ́ 12 fólítì, gílóòbù iná iwájú púpọ̀ sì jẹ́ 55 wáàtì. Bí a bá fi 12 pín 55, a ó rí i pé gílóòbù kan ń gba áńpù mẹ́rin ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Méjèèjì pa pọ̀ ń gba 9 ó lé díẹ̀. Fíúsì 15, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ búlúù, tó láti ṣọ́ wọn. Nítorí náà, bí fíúsì 15 bá ń já léraléra, a jẹ́ pé iná ti rí ibòmíràn tí ó ń gbà sá lọ.

Àwọn kan á wá mú fíúsì 30, aláwọ̀ ewé, wọn á fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn mìíràn á fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé èyí tí ó ti já. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ti lé oníbodè kúrò ní ẹnubodè. Lóòótọ́, fíúsì lè má já mọ́; ṣùgbọ́n wáyà fúnra rẹ̀ ni yóò gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ yóò yọ́, ọkọ̀ náà sì lè gbiná lójú ọ̀nà. A bẹ̀ yín, ẹ kìlọ̀ fún àwọn dẹ́rẹ́bà yín.

Ohun kejì ni ọ̀nà tí iná ń tọ̀. Iná ní àlọ, ó sì ní àbọ̀. Ó ń jáde láti orí bátìrì tí a fi àmì + sí, ó ń gba inú fíúsì, súìṣì àti rìlé kọjá, ó ń dé inú gílóòbù, ó sì gbọ́dọ̀ padà sí orí kejì bátìrì náà. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, àbọ̀ yìí kò ní wáyà tirẹ̀ títí dé ilé. Irin ara ọkọ̀ ni ó ń gbà, láti ibi tí a ti fi nọ́ọ̀tù de wáyà kúkúrú kan mọ́ irin, èyí tí àwọn rewáyà wa ń pè ní áàtì. Gbogbo wa ni a máa ń rántí àlọ. Àbọ̀ ni a máa ń gbàgbé, níbẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àrùn tí ń lọ tí ń bọ̀ ń sápamọ́ sí. Bí irin bá dípẹtà lábẹ́ nọ́ọ̀tù yẹn, tàbí bí ẹni tí ó kun ọkọ̀ bá da ọ̀dà lé e, ọ̀nà àbọ̀ ti há.

Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Georg Simon Ohm, ni ó fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ní 1827 bí ìdènà ojú ọ̀nà ṣe ń dín iná tí ń kọjá kù. Gílóòbù 55 wáàtì tí ń tàn ní ìdènà tí ó lé díẹ̀ ní óòmù méjì ààbọ̀. Bí ìpẹtà bá fi ìdajì óòmù péré kún un, fólítì tí yóò kan gílóòbù lára kò ní ju nǹkan bí 10 lọ. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ di ìdajì, nítorí ìmọ́lẹ̀ irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ a máa yára dínkù ju fólítì lọ. Kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ ra gílóòbù mẹ́wàá, bákan náà ni wọn yóò ṣe bàìbàì.

Báwo ni a ó ṣe wá mọ ibi tí àrùn wà? Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ṣùgbọ́n iná ọkọ̀ a máa fi àmì hàn. Bí a bá tẹ ìjánu tí àwọn iná ẹ̀yìn yòókù sì di bàìbàì, tàbí bí tràfíkétọ̀ bá ń ṣẹ́jú tí iná mìíràn sì ń bá a ṣẹ́jú, áàtì apá ibẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí tràfíkétọ̀ apá kan bá ń yára ṣẹ́jú ju ti apá kejì lọ, ó ṣeé ṣe kí gílóòbù kan ti kú ní apá náà, tàbí kí irin tí ó dì í mú ti dípẹtà. Bí fíúsì kò bá já àfi nígbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sínú kòtò, wáyà kan ti bó, ó sì ń fara kan irin. Ẹ wò ó níbi tí ìdérí búùtù ti ń ṣí tí ó ń pa dé, àti níbi tí wáyà ti gba ojú ihò irin kọjá. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn òjò ni iná máa ń kú, omi ti wọ inú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé gbogbo gílóòbù ni kì í pẹ́ kú, kí a gbé mítà lé orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, 13.5 sí 14.5 ni ó yẹ kí a rí. Bí ó bá ju 15 lọ, ẹ̀rọ tí ń fún bátìrì lóúnjẹ ni ó ń pa wọ́n.

Nígbà tí àmì bá ti tọ́ka ọ̀nà, ìdánwò ló kù. Bí fíúsì bá ń já, kí á yọ ọ́, kí á fi gílóòbù ńlá kan sí ààyè rẹ̀ pẹ̀lú wáyà méjì. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ń sá lọ sára irin, gílóòbù yìí yóò máa tàn gidigidi. Kí á wá máa tú àwọn ẹ̀ka wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí á sì máa mì wọ́n. Ẹ̀ka tí a bá tú tí ìmọ́lẹ̀ náà sì rọlẹ̀, ibẹ̀ ni olè wà. Bí ó bá sì jẹ́ pé iná ń ṣe bàìbàì, kí á tan án, kí á fi ẹsẹ̀ mítà kan kan áàtì iná náà, kí á fi èkejì kan orí bátìrì tí a fi àmì − sí. Bí mítà bá ju ìdajì fólítì lọ, àbọ̀ iná kò dán mọ́rán. Kí a tú nọ́ọ̀tù náà, kí a ha irin ibẹ̀ títí yóò fi dán, kí a dè é padà le dáadáa, kí a sì fi gíríìsì pa á lójú kí omi má baà tún wọ̀ ọ́. Wáyà tí ó bó kò gbọdọ̀ gba téépù nìkan. Kí a gé ibi tí ó bàjẹ́ kúrò, kí a fi wáyà tí ó nípọn tó o jó o pọ̀, kí a sì fi rọ́bà sí ojú ihò tí ó gbà kọjá.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń bẹ lọ́wọ́ wa ni ó jẹ́ tòkunbọ̀. Wọ́n ti lo ọdún díẹ̀ ní ilẹ̀ òtútù, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sí ojú títì nítorí yìnyín, iyọ̀ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin kí ọkọ̀ tó dé Èkó. Nígbà tí ó dé, a tún fi fèrè aláriwo àti iná àrà ọ̀tọ̀ kún un, a kàn lọ́ wáyà wọn mọ́ ti ilé. Eku pẹ̀lú a sì máa jẹ wáyà.

Ọ̀rọ̀ wa kù díẹ̀, òun gan-an sì ni ìdí tí a fi dìde. Ẹ má ṣe rò pé àìmọ̀ iṣẹ́ àwọn rewáyà nìkan ni ó ń mú àrùn yìí padà. Púpọ̀ nínú wọn mọ gbogbo ohun tí a sọ yìí jù wá lọ. Ṣùgbọ́n àwa olówó ọkọ̀ kì í fẹ́ san owó àyàfi kí a rí ohun tuntun tí wọ́n fi sí i. Bí ọmọkùnrin náà bá lo wákàtí mẹ́ta lábẹ́ ọkọ̀, tí ó rí nọ́ọ̀tù kan tí ó dípẹtà, tí ó ha á, tí ó sì dè é, a ó ní kí ni ó ṣe tí a ó fi san irú owó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe ń fi gílóòbù sí i, tí ó ń gba owó gílóòbù, tí a sì tún ń padà wá. Àwa ni a kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń pa èèrà gbọ́dọ̀ jẹun.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó wíwá àrùn lọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sanwó fún dókítà tí ó yẹ̀ wá wò, bí kò tilẹ̀ fún wa ní oògùn kankan. Ẹ jẹ́ kí á fún oníṣẹ́ ní ọjọ́ kan gbáko, kí á má dúró tì í pé òde kan ń dúró dè wá. Ẹ jẹ́ kí á fi ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀, kí dẹ́rẹ́bà máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ wo ni iná kú, òjò ń rọ̀ ni tàbí ilẹ̀ gbẹ, kí ni a ń ṣe lọ́wọ́ nígbà náà. Ìwé bẹ́ẹ̀ yóò ran oníṣẹ́ lọ́wọ́ ju ìbínú wa lọ.

Kí ọ̀nà ó là fún wa, kí a má ṣe rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, kí iná wa má sì ṣe kú mọ́ wa lójú. Àṣẹ.