Ẹ Béèrè Èèwọ̀ Wọn: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Fíìmù Akọni Tí À Ń Wò

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ìṣẹ̀ṣe ní Ajégúnlẹ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó

  

Ọ̀rọ̀ fíìmù ni ẹ ní kí n bá yín sọ. Ó lè jọ ọ̀rọ̀ eré lójú àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọmọ wa. Inú fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wo fíìmù ní Ajégúnlẹ̀ yìí. Àwọn tí owó bá wà lọ́wọ́ wọn a sọdá sí Àpápá lọ jókòó ní ilé sinimá. Bí wọ́n bá dé, wọn a bi wá léèrè pé: ta ló lágbára jù, Ṣàngó ni tàbí Thor? Ẹ má bínú sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí yóò fi òrìṣà wa sí nínú ayé tí ó mọ̀ ló ń wá, bí a kò bá sì dá a lóhùn, fíìmù ni yóò dá a lóhùn.

Ìdáhùn tèmi rèé. Ẹ má ṣe wọn agbára akọni wò. Ẹ béèrè èèwọ̀ rẹ̀. Àwa mọ̀ pé kò sí àṣẹ tí a gbé lé ènìyàn lọ́wọ́ tí a kò gbé èèwọ̀ lé e lórí. Ẹni tó lágbára tí kò ní èèwọ̀, ewu ni fún ara rẹ̀ àti fún ìlú. Ìbéèrè yìí ni mo fi ń wo fíìmù, kò sì ba adùn wọn jẹ́ fún mi.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Thor. Òrìṣà àwọn ará àríwá Yúróòpù ni, tó ni àrá bí Ṣàngó ti ni ín. Àwọn ènìyàn rẹ̀ fi í sílẹ̀ ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ní 1962, ilé iṣẹ́ Marvel sọ ọ́ di akọni inú ìwé àwòrán. Nínú fíìmù rẹ̀ ti 2011, baba rẹ̀ gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìgbéraga, ó sì fi ohùn sí òòlù rẹ̀ pé ẹni tó bá yẹ nìkan ni yóò lè gbé e. Èyí wù mí. Ìwà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, àbí kí ni? Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: kò sí ẹnìkan nínú fíìmù náà tó ń bọ ọ́, kò sí ọmọ kan tó ń pa èèwọ̀ rẹ̀ mọ́. Òrìṣà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá fi sílẹ̀, oníṣòwò ni yóò gbé e. Síbẹ̀, ní Iceland, àwọn kan ti padà sídìí òrìṣà àtijọ́ wọn, ìjọba ibẹ̀ sì fọwọ́ sí ẹgbẹ́ wọn ní 1973. Àwọn náà ń ṣe ohun tí àwa ń ṣe.

Ní 2016, fíìmù Captain America: Civil War mú ìjà wọ ìlú wa. Èkó ni wọ́n pe ibi tí ìjà náà ti ṣẹlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Atlanta ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti yà á. Nínú ọjà ni àwọn akọni ti ń ja ìjà wọn, iná bú jáde, ilé jóná, àwọn ènìyàn kú. Nígbà tí a ń ka òkú, àwọn ará Wakanda, ìlú tí a fi àròsọ dá, ni a gbọ́ ìròyìn wọn. Ta ni ará Èkó tí wọ́n sunkún rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé láàárín tírélà àti kọ̀ǹténà, ẹ mọ bí ó ti ń rí kí nǹkan ńlá máa kọjá lórí ẹni tí kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ rẹ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e nínú fíìmù náà ló yẹ kí a kíyè sí: orílẹ̀-èdè 117 pé jọ láti ṣòfin fún àwọn alágbára wọ̀nyí, àwọn kan gbà, àwọn kan kọ̀. Ọ̀rọ̀ èèwọ̀ ni wọ́n jà lé lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Black Panther ti 2018 sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé ló fún ọba lágbára. Wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ kí ó lè bá baba rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá a du oyè, wọ́n á kọ́kọ́ gba agbára náà kúrò lára rẹ̀, kí ó jà bí ènìyàn lásán. Èèwọ̀ tòótọ́ nìyẹn. Ènìyàn wa kan kò ní ṣàì mọ irú ilé tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde.

Ọmọ dúdú Amẹ́ríkà tó darí rẹ̀, Ryan Coogler, ló tún ṣe Sinners ní 2025. Mississippi ní 1932 ni ìtàn náà dá lé. Wúnmi Mosaku, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Zaria, ló ṣe Annie, obìnrin tó mọ egbò àti ewé. Òun ló dá ibi tó ń bọ̀ mọ̀, oògùn tó dì fún ọkọ rẹ̀ ló sì dáàbò bò ó. Ẹ fi èyí wé ọ̀pọ̀ fíìmù tí a ń ṣe nílé, níbi tí obìnrin tó mọ ewé ti máa ń jẹ́ ìkà tí wọn yóò dáná sun kí fíìmù tó parí. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ rántí ohun tí àwa tó wà nílé ń tijú.

A ní tiwa tó dára. Nínú Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2022, Sàró gba agbára àjíǹde, ó sì fi í ṣòwò. Nígbà tó fi ọmọ ọba ṣe iye owó rẹ̀, agbára náà kò jẹ́ mọ́. Ọmọdé tó wo ìyẹn kò nílò ìwàásù.

Ṣùgbọ́n ní 2023, Gangs of Lagos gbé aṣọ Ẹ̀yọ̀ wọ apànìyàn. Àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì bá a wí. Gbogbo Èkó ló mọ̀ pé níwájú Adámú Òrìṣà, a kì í wọ bàtà, a kì í mu sìgá, obìnrin kì í di ṣùkú. Àwọn tó ṣe fíìmù náà mú aṣọ, wọ́n fi èèwọ̀ sílẹ̀. Bí a bá yọ èèwọ̀ kúrò lára Ẹ̀yọ̀, aṣọ funfun lásán ló kù, ẹnikẹ́ni sì lè fi ṣe ohun tó bá wù ú.

Ẹ jẹ́ kí n fi akọni kan hàn yín. Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá níbí. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdéjọ onífìlà funfun, pe ìjọba lẹ́jọ́. Orúkọ Mùsùlùmí ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n oyè àtayébáyé ló gbé ró. Nígbà tí ilé ẹjọ́ níhìn-ín kò fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó wọkọ̀ òkun lọ sí London ní 1920. Herbert Macaulay bá a lọ, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èkó dání. Ní 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council dá Olúwa láre: wọ́n ní àwọn onílẹ̀ ló ni ilẹ̀ wọn, bí ìjọba bá sì gbà á, àfi kó sanwó rẹ̀ fún wọn. Kò fò lófuurufú, kò sọ àrá. Agbára rẹ̀ ni pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ti ìdílé ni, òun ń ṣọ́ ọ ni, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èèwọ̀ olóyè ló gbé e dé London.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ má ṣe ka fíìmù léèwọ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹ bá wọn wò ó. Ní ọjọ́ ìṣẹ̀ṣe, ní 20 oṣù Kẹjọ, ẹ jẹ́ kí a gbé ẹ̀rọ kan sí gbangba ní Ajégúnlẹ̀ yìí, kí a fi fíìmù kan hàn, kí àgbà kan dìde lẹ́yìn rẹ̀ láti béèrè pé: kí ni èèwọ̀ ẹni yìí, ta ni yóò sì bi í bó bá kọjá rẹ̀? Ẹ sì sọ ìtàn Olúwa fún wọn. Àwọn tó sọ ibí ní Ajégúnlẹ̀ mọ̀ pé Ajé pàápàá, àlejò tó gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni ni. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, yóò ṣíkọ̀ lọ ibòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn rí.

Ire owó, ire ọmọ, ire àìkú parí ìwà. Àṣẹ o.