Ẹ Yọ̀ǹda Wákàtí Méjì fún Àwọn Ọmọ Ìjọra

 

Láti Ìjọra, a ń wo òrùlé gbọ̀ngàn tíátà ìjọba àpapọ̀ ní Ìgànmú. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé péjọ sí fún FESTAC ní ọdún 1977. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí ẹ̀bá rẹ̀ kò mọ oríkì orílẹ̀ wọn.

Èyí ni ó mú mi yọ̀ǹda ọjọ́ Àbámẹ́ta mi. Àwa díẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàtá àti oríkì lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ kan, ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ jáde, ó ní ìlù òrìṣà ni. Mo ní lóòótọ́ ni, Ṣàngó ni ó ni bàtá, ṣùgbọ́n a kì í fi ipá mú ọmọ ẹnikẹ́ni bọ òrìṣà. Mo bi í léèrè orílẹ̀ rẹ̀, mo sì kì í. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ìyá òun ṣe máa ń ki òun láàárọ̀. Kò ṣe ìlérí kankan. Ní Àbámẹ́ta kejì, ọmọ náà padà wá.

Ẹ má jẹ́ kí a dúró de ilé ńlá. Ilé ọtí Dúró Ládiípọ̀ ní Òṣogbo ni ó di Mbari Mbayo ní ọdún 1962. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí a kò bá kọ́ ọmọ ní ìlù, ta ni yóò lù ú nígbà tí a bá lọ?

Àṣẹ.