Mọ́tò Àlòkù fún Ọmọ Poly: Bí A Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Fi Owó Ilẹ̀ Ra Wàhálà

  Látìgbà tí mo ti ta á sí yín létí pé màmá mi fẹ́ ra mọ́tò fún àbúrò mi ọkùnrin ni àtẹ̀jíṣẹ́ yín ò ti dáwọ́ dúró. Ẹlòmíì ní kí n wá sọ iye tá a rà á. Ẹlòmíì ní kí n kàn sọ irú mọ́tò tó yẹ kí òun rà, kí òun tètè lọ gbé e. Ó dáa, ẹ fara balẹ̀, mo ti dé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí owó ti wá, torí ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gbóná lára wa nìyẹn. Bàbá wa fi púlọ́ọ̀tì kan sílẹ̀ lọ́nà Ìjàgbó kí wọ́n tó papò dà. Màmá ta ilẹ̀ náà. Wọ́n san gbèsè, wọ́n san owó iléèwé, ó wá ku mílíọ̀nù mẹ́rin náírà. Kò sí púlọ́ọ̀tì míì. Bí owó yẹn bá bọ́ sómi, ó bọ́ sómi nìyẹn.

Àbúrò mi ń ṣe HND nípa iná mànàmáná ní Federal Polytechnic wa níbí ní Ọ̀fà. Ó tún ń so sólà àti inverter fún àwọn èèyàn, òun ló fi ń gbọ́ bùkátà ara ẹ̀. Ọ̀kadà ló fi ń gbé bátìrì káàkiri: Ẹrin-Ilé, Ìjàgbó, ìgbà míì títí dé Àjàṣẹ́-Ìpo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé bátìrì inverter ńlá rí, ẹ mọ̀ pé ó lè wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì lọ. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kadà gbé e ṣubú, bátìrì já lé e lẹ́sẹ̀. Màmá ò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Owó bàbá yín tó kù yẹn, ẹ fi ra mọ́tò fún un. Ẹsẹ̀ ọmọ mi jù ú lọ." Wọ́n wá kọjú sí mi: "Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n. Má jẹ́ kí wọ́n rẹ́ wa jẹ."

Ẹ̀rù bà mí. Ìdí ni pé wọ́n ti rẹ́ èmi náà jẹ rí. Ní 2019, mo ra mọ́tò kan láàárín wákàtí méjì, nítorí pé àwọ̀ ẹ̀ wù mí, ẹni tó ń tà á sì ní ẹlòmíì ń bọ̀ wá gbé e. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ́ńjìnnì fi nọ́ọ̀kì. Màmá ò gbọ́ òkodoro ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní. Bóyá wọ́n máa gbọ́ ọ lónìí.

Àbúrò mi ní tiẹ̀ ti mú tiẹ̀ lọ́kàn. Benz ni. C-Class dúdú. Ó gbé fóònù sí mi lójú: "Àǹtí mi, ẹ wò ó, mílíọ̀nù mẹ́ta lé igba ni. Owó wa ká a." Mo ní, ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Mọ́tò tí orúkọ ẹ̀ tóbi tó báyìí, kí ló dé tí owó ẹ̀ fi kéré sí ti Corolla tí ẹnikẹ́ni ò wò lẹ́ẹ̀mejì? Mo pe mẹkáníìkì mi. Ó ní Corolla, bó bá bà jẹ́ ní Ọ̀fà, ní Ọ̀fà náà ni wọ́n ti máa rí pààtì ẹ̀, tuntun tàbí Bẹ́ljíọ̀mù. Ti Benz yẹn, àfi kí wọ́n máa ránṣẹ́ sí Ìbàdàn tàbí Èkó, kí wọ́n sì máa wá ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà ẹ̀. Ọmọ tó ń gbé bátìrì kiri kí ó tó jẹun kò lè máa dúró de ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Èkó.

Èyí tó kù kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, láptọ́ọ̀pù nínú báàgì, Benz dúdú, lójú ọ̀nà Ìlọrin. Gbogbo wa la mọ orúkọ tí wọ́n máa sọ ọ́. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ jáde sójú títì ní October 2020, irú ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń pariwo lé lórí. Ìjọba ní àwọn ti tú SARS ká ní ọjọ́ 11 oṣù náà. Àmọ́ igi tí wọ́n ń gbé dínà, ó ṣì wà níbẹ̀. Mi ò sọ pé kò yẹ kí ọ̀dọ́ gun Benz o. Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi ni pé mi ò ráyè tí màá fi máa wá bẹ̀bẹ̀ fún un ní tẹ́ṣàn. Ó bínú. Ó bínú fún ọjọ́ méjì.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé orúkọ èèyàn ni Tòkunbọ̀ kó tó di orúkọ mọ́tò? Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n wá gbé wálé là ń sọ bẹ́ẹ̀. Mọ́tò náà gba òkun bọ̀, ló bá jẹ́ orúkọ ọmọ. Tẹ́lẹ̀, Kùtọnu ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà, wọ́n á wá gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé. Láti January 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, ó ku èbúté nìkan. Torí náà, ẹ má fi ìwé kọ́sítọ̀ọ̀mù ṣeré. Mọ́tò tó gba inú igbó wọlé, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú títì, kí ẹni tó tà á fún yín má sì gbé ìpè yín mọ́. Nígbà tó wá di June 2023 tí náírà já wálẹ̀, Tòkunbọ̀ gun òkè lọ mọ́ irú wa lọ́wọ́. Mílíọ̀nù mẹ́rin wa, "Nigerian used" ló lè rà, ìyẹn èyí tí àwa fúnra wa ti gùn nílẹ̀ yìí. Mi ò sì rí ìyẹn bí ìtìjú. Mọ́tò tí ẹnì kan fara balẹ̀ lò ní Ọ̀fà fún ọdún mẹ́jọ, ẹ lè bá ẹni náà sọ̀rọ̀, ẹ lè bá mẹkáníìkì ẹ̀ sọ̀rọ̀. Tòkunbọ̀ tí omi ti mù ní Houston nígbà ìjì Harvey ní 2017, ta lẹ máa bi? Ẹ máa gbé kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sókè, ẹ wo ẹrẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, ẹ wo bóyá nọ́ọ̀tì tó di àga mú ti dípẹtà. Lọ́fínńdà tó pọ̀ jù nínú mọ́tò náà ń sọ̀rọ̀.

Mọ́tò àkọ́kọ́ tá a lọ wò, Ìlọrin ló wà. Mi ò ní dárúkọ irú ẹ̀, torí ẹ̀bi kì í ṣe ti àwọn tó ṣe é. Ó ń dán bíi dígí. Bàbá tó ń tà á jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, wọ́n ń pè mí ní "ọmọ mi", wọ́n fún wa lómi tútù mu. A ti sọ fún wọn pé aago méje àárọ̀ la máa dé, kí wọ́n má tíì tan mọ́tò náà. Nígbà tá a débẹ̀, mo fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ti gbóná.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí yìí. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ló máa ń jẹ́wọ́. Bó bá nọ́ọ̀kì, ẹ máa gbọ́ ọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan àkọ́kọ́. Èéfín aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ó ń jó ọ́ìlì. Èéfín funfun díẹ̀ láàárọ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bí kò bá lọ lẹ́yìn tí mọ́tò ti gbóná, omi ń wọ ibi tí kò yẹ, ọ̀rọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ẹni tó bá ti tan mọ́tò sílẹ̀ kí ẹ tó dé, ó ṣeé ṣe kó ní ohun tí kò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́.

Àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ oníná ló rí èkejì. Ó yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì dáná sí i. Ní àkókò yẹn, gbogbo iná inú dáṣíbọọ̀dù ló yẹ kó tàn, títí kan ti "check engine", kí wọ́n tó wá kú nígbà tí ẹ bá dáná. Ti "check engine" ò tàn rárá. Ó wò mí, mo wò ó. Iná tí kò tàn nígbà tó yẹ kó tàn, ẹnì kan ti pa á ni. Ó mú ẹ̀rọ ayẹ̀wò kékeré kan jáde, èyí tó ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ní ihò kan lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù tí wọ́n ń ki í bọ̀. Ká tó ka márùn-ún, fóònù ti gbé kóòdù mẹ́ta jáde, méjì nínú ẹ̀ jẹ́ ti jíà. Mo wá yọ ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì jíà wò: ó dúdú, ó ń rùn bí ìgbà tí nǹkan jóná. Pupa ló yẹ kó jẹ́.

Bàbá ní kékeré ni, ríwáyà lásán ni, pé ẹnì kan ti fẹ́ san owó lọ́sàn-án yẹn, bá a bá fi ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún sílẹ̀, àwọn á dì í mú fún wa. Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé ó ṣe mí bíi kí n fi í sílẹ̀. A ti rin ìrìn àjò, màmá ti pè lẹ́ẹ̀mẹrin, mọ́tò náà sì rẹwà. 2019 ló sọ̀ sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Ẹ ṣeun, bàbá, ẹ bá wa fi fún ẹni yẹn." Nínú bọ́ọ̀sì tá a wọ̀ padà, àbúrò mi ò dárúkọ Benz mọ́.

Èyí tá a wá rà, nílé ni a bá a. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ọ̀fà níbí ló ni ín. Toyota Corolla 2005. Àga iwájú ti ya, báńbà ẹ̀yìn ní ojú ọgbẹ́, éásì ẹ̀ ò tutù bó ṣe yẹ. Ẹ́ńjìnnì gbẹ, kò sí ọ́ìlì tó ń jò. Wọ́n kó ìwé ẹ̀ sínú ọ̀rá kan, títí kan rìsíìtì búréèkì tí wọ́n pààrọ̀ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Orúkọ tiwọn gan-an ló wà lórí ìwé ẹ̀rí oní-mọ́tò. Mo fi nọ́ńbà VIN tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú wé ti ara ilẹ̀kùn, mo tún fi méjèèjì wé ti ìwé. Ó máa ń jẹ́ mẹ́tàdínlógún, lẹ́tà àti nọ́ńbà pa pọ̀. Ẹ ò ní rí I, O tàbí Q nínú ẹ̀ láéláé, bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ̀tàn ni. Ìkẹwàá nínú ẹ̀ ló ń sọ ọdún mọ́tò: 5 dúró fún 2005, 8 fún 2008, A fún 2010. Ẹni tó bá ta 2005 fún yín ní owó 2008, ibẹ̀ lẹ ti máa mú un.

Mílíọ̀nù mẹ́ta lé irinwó ẹgbẹ̀rún la san. Ẹ̀gbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta tó kù, a ò jẹ́ kó di owó mọ́tò. Òun la fi ra táyà, torí nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára méjì nínú ẹ̀ parí sí 16, ìyẹn ni pé 2016 ni wọ́n ti ṣe é. Òun la fi pààrọ̀ ọ́ìlì àti páàdì búréèkì, tí a fi yí orúkọ ìwé padà, tí a sì fi san ìṣúra mọ́tò, èyí tó kéré jù tó ti di ₦15,000 láti January 2023.

Epo ńkọ́? Ṣáájú kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ ní ìparí May 2023, lítà kan ò tó igba náírà. Ẹ mọ ibi tó wà lónìí. Ọ̀fà sí Ìlọrin, lílọ àti bíbọ̀, ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Ẹ́ńjìnnì 1.8 bíi ti Corolla yìí máa ń jẹ bíi lítà mẹ́sàn-án lórí ìrìn yẹn. V6 lè jẹ méjìlá. Lítà mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ fúnra yín ṣe ìṣirò ẹ̀ pẹ̀lú owó epo ọ̀dọ̀ yín.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí mi ò fẹ́ pa mọ́. Alẹ́ ọjọ́ tá a gbé e délé, mo fi VIN ẹ̀ sórí ìkànnì nhtsa.gov, ti ìjọba Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni, fóònù yín tó o. Àwọn mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ló ń sọ ìtàn wọn. Ti wa jáde: Takata. Ilé iṣẹ́ Japan kan ni tẹ́lẹ̀, àpò afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde nígbà tí mọ́tò bá forí sọ ni wọ́n ń ṣe nígbà náà, oríṣiríṣi mọ́tò ló sì lò ó. Ooru àti ọ̀rinrin tó pẹ́ máa ń ba oògùn inú ẹ̀ jẹ́, á wá bú gbàù, á sì fọ́n irin sára èèyàn. Ní Amẹ́ríkà nìkan, bíi mílíọ̀nù 67 ni wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀. Corolla 2003 sí 2007 wà nínú ẹ̀, ti ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. Ẹ sì mọ irú ooru tó ń mú ní Ọ̀fà ní oṣù March. Mo yẹ kí n ti wò ó ká tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Màá ṣì rà á, àmọ́ màá ti já owó lórí ẹ̀.

A ti ń wá ẹni tó máa bá wa pààrọ̀ ẹ̀ dáadáa, kì í ṣe ẹni tó máa kàn gé wáyà. Títí dìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò mi. Bátìrì ń wọ búùtù. Màmá ń jókòó sẹ́yìn bí ìyá ọba, wọ́n á na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, wọ́n á máa kí àwọn èèyàn lọ́jà. Mo ti ṣàlàyé Takata fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní kí n má pààrọ̀ nǹkan kan, pé ẹ̀yìn yẹn tẹ́ àwọn lọ́rùn.

Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.