Ohun Tí Ń Sọ Òròmọdìyẹ Di Arọ

Ọ̀rọ̀ kòkó ni ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu wa nígbà gbogbo. Lónìí, adìyẹ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, àní òròmọdìyẹ tí ó ń jẹ, tí ó ń mu, tí ojú rẹ̀ sì dán, ṣùgbọ́n tí kò lè dìde nílẹ̀. Kò sí ilé àgbẹ̀ tí a kò ti rí irú rẹ̀ rí. Obìnrin ilé ti ṣírò pé òròmọ 12 tí àgbébọ̀ òun pa yóò tó tà nígbà ọdún, àti pé owó wọn yóò ra ìwé fún ọmọ. Ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn náà, 5 nínú wọn ń fi àyà wọ́ nílẹ̀. Nígbà náà ni ẹnìkan yóò wí pé ọwọ́ ayé ni, ẹlòmíràn yóò wí pé irú adìyẹ náà ni kò dára, a ó sì kó wọn dà sínú igbó.

Ní tèmi, n kò rò pé ọ̀kan nínú méjèèjì ni ó sábà máa ń jẹ́. Ẹ wo àgbébọ̀ tí ń kó ọmọ rẹ̀ kiri ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ kò yọ̀. Ìyá wọn ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀ fún wọn, wọ́n ń ṣa ikán, ekòló àti ewé tútù jẹ, oòrùn sì ń pa wọ́n láti òwúrọ̀. Irú wọn kì í sábà yarọ. Àwọn tí ń yarọ ni àwọn tí àwa fúnra wa dé mọ́ abẹ́ àgò, tàbí tí a kó sínú páálí ní yàrá nítorí àṣá àti ológbò, àti àwọn ọmọ ọjọ́ kan tí a rà láti ibi tí a ti ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin. Bí a bá ti gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyá, gbogbo ohun tí ìyá ń ṣe fún wọn ti di gbèsè sí wa lọ́rùn.

Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ fi ń bàjẹ́ kò jẹ́ ọ̀kan, ìtọ́jú wọn kò sì rí bákan náà. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ gbé òròmọ náà lé àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sì wò ó dáradára.

Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá yà, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, tí ó sì fi àyà lé ilẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́, tí kò sì tí ì ju ọmọ ọjọ́ 1 tàbí 2 lọ, ilẹ̀ yíyọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Òròmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kò tí ì ní agbára nínú itan. Bí ilẹ̀ bá ń yọ̀, ẹsẹ̀ yóò máa sá kúrò lábẹ́ rẹ̀, títí ìyàkuyà náà yóò fi mọ́ ọn lára. Ìwé ìròyìn tí a tẹ́ sínú páálí ni ó burú jù lọ, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni gbogbo ènìyàn ń lò, nítorí ó rọrùn láti kó dànù. Pákó tí a fá àti ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì dídán kò sàn jù ú lọ. Àwọn òyìnbó tí ń sin budgerigar, ẹyẹ kékeré tí ó ti ilẹ̀ Ọsirélíà wá, tí wọ́n ń tọ́jú sínú àgò nítorí ẹwà àti ohùn rẹ̀, mọ ìyọnu yìí dáradára. Bí ìsàlẹ̀ àpótí tí ẹyẹ náà yé sí bá tẹ́jú tí ó sì ń dán, tàbí bí ìyá bá jókòó le àwọn ọmọ mọ́lẹ̀ jù, ẹsẹ̀ wọn a yà gẹ́gẹ́ bí ti òròmọ wa. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ àpótí náà kí ó jin díẹ̀ bí inú àwo, tí wọ́n sì ń da èérún pákó sí i, kí ẹsẹ̀ ọmọ lè kó jọ sábẹ́ ara rẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò gba owó. Ẹ ya aṣọ rírọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí àlàfo àárín wọn tó ìbú àtàńpàkò kan, kí ó lè dúró, kí ó sì lè máa ṣísẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe so ó le, nítorí ẹsẹ̀ tí a fún lókùn yóò wú. Ẹ gbé oúnjẹ sún mọ́ ọn, kí omi rẹ̀ sì wà nínú àwo pẹlẹbẹ, kí ó má baà ṣubú sínú rẹ̀ kí ó sì kú. Ẹ máa tú u wò lójoojúmọ́. Láàárín ọjọ́ 2 tàbí 3, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn yóò máa dá dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, eegun yóò ti máa le sí ibi tí ó yà sí, ìrètí sì kéré.

Ní ti ohun tí ó yẹ kí a tẹ́ fún wọn, ògbólógbòó àpò kòkó tí a fọ̀ mọ́ dára púpọ̀, nítorí èékánná wọn a máa rí i gbá mú. Kìkì pé kí ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀, kí ẹ sì rán an. Fọ́nrán àpò a máa wé mọ́ ìka ẹsẹ̀ òròmọ. Bí a kò bá tètè rí i kí a gé e kúrò, yóò máa wọnú ẹran lọ bí ẹsẹ̀ náà ti ń nípọn sí i, títí ìka yóò fi gbẹ tí yóò sì já. Mo ti rí àkùkọ oníka méjì tí olówó rẹ̀ ń wí pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe pa á. Òwú ni ó gé e.

Bí òròmọ bá ti tó ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3, tí ó wá ń fi orúnkún rìn, tí ó ń na apá kí ó má baà ṣubú, tí àwọn ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ká sínú bí ìgbà tí ènìyàn di ìkúùkù, àìtó oúnjẹ ni. Kì í ṣe pé kò yó. Ohun tí ó ṣaláìní ni riboflavin, tí a tún ń pè ní fítámì B2. Bí kò bá sí i, àwọn iṣan tí ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ dé ẹsẹ̀ a wú, wọn a sì bàjẹ́. Àgbàdo lílọ̀ nìkan ni ẹ ó sábà bá nínú àwo irú òròmọ bẹ́ẹ̀. Àgbàdo ń yóni, ṣùgbọ́n riboflavin inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ̀dọ̀ ẹran tí a bọ̀ tí a sì rẹ́ wẹ́wẹ́ ní i púpọ̀. Ó wà nínú wàrà àwọn Fúlàní àti nínú tẹ̀tẹ̀ tútù pẹ̀lú. Bákan náà ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó ń sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ agbè ẹmu, nítorí ìwúkàrà ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó pò ó mọ́ oúnjẹ, ṣùgbọ́n òkè ààrò tàbí ibòji ni kí ẹ ti gbẹ ẹ́, nítorí ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa ba riboflavin jẹ́. Ẹ̀yin ará ìjọ tí ẹ kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹmu, ẹ foríjì mí. Adìyẹ ni yóò jẹ ẹ́.

Bí ẹ bá tètè bẹ̀rẹ̀, ìka náà yóò nà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ó bá ti pẹ́, iṣan tí ó ti bàjẹ́ kì í bọ̀ sípò mọ́. Ẹ má sì gbàgbé ìyá wọn: bí àgbébọ̀ kò bá jẹ ohun tí ó ní riboflavin, kò ní rí i fi sínú ẹyin, ọ̀pọ̀ nínú ọmọ rẹ̀ yóò sì kú sínú èèpo kí wọ́n tó pa.

Ẹlòmíràn wà tí eegun rẹ̀ rọ̀. Ẹ fi ìka tẹ àgógó ẹnu rẹ̀. Bí ó bá ń tẹ̀ bí rọ́bà, oòrùn ni kò rí, tàbí ohun tí ń mú eegun le ni kò jẹ. Oòrùn tí ó bá ara adìyẹ ni ó ń dá fítámì D sí i lára, láìsí èyí eegun kò lè lo ohun tí adìyẹ jẹ. Oòrùn tí ó gba inú gíláàsì fèrèsé wọlé kò ṣe iṣẹ́ yìí. Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé nígbà ìkórè, kòkó a máa yá oòrùn ní àgbàlá, òròmọ a sì wà nínú òkùnkùn yàrá láti òwúrọ̀ di alẹ́! Ẹ gbé àgò wọn jáde sí tòsí ibi tí ẹ ń sá kòkó sí, ẹni tí ń ṣọ́ kòkó yóò bá yín ṣọ́ àṣá. Ẹ fi ewé bo ìdajì àgò náà kí ibòji wà. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ wọn má tó kòkó fúnra rẹ̀, nítorí theobromine tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ májèlé fún adìyẹ.

Ẹ gún eegun tí a sun àti ìkarawun ìgbín, kí ẹ bù ú díẹ̀ sí oúnjẹ wọn. Díẹ̀ ni mo wí. Ẹni tí ó bá rò pé bí eegun ti pọ̀ tó ni ẹsẹ̀ yóò ti le tó ń fa arọ mìíràn lẹ́sẹ̀. Èyí ni arọ tí ń lọ́ ẹsẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ láti oríkèé, tí oríkèé náà á wú, tí á sì tẹ́, bẹ́ẹ̀ ni eegun rẹ̀ le bí ti ẹlòmíràn. Iṣan ńlá tí ń gba ẹ̀yìn oríkèé kọjá ni ó yọ̀ kúrò ní ojú ipa rẹ̀. Ní ọdún 1936, Wilgus, Norris àti Heuser ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Cornell ní Amẹ́ríkà fi hàn pé manganese, tí ìwọ̀nba kíún rẹ̀ wà nínú oúnjẹ, ni ó ń dènà rẹ̀, àti pé eegun àpọ̀jù nínú oúnjẹ a máa dí i lọ́nà. Lẹ́yìn wọn ni a tún mọ̀ pé choline àti biotin náà ní ipa nínú ọ̀ràn yìí. Àgbàdo kò ní manganese púpọ̀, ṣùgbọ́n eèrí ìrẹsì ní i. Adìyẹ tí ń yára tóbi ni ó sì ń mú jù, ju adìyẹ ìbílẹ̀ wa lọ. Bí iṣan bá ti yọ̀, n kò ní tàn yín: a kò lè dá a padà kí ó dúró. Ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn yòókù, kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹ sì tún oúnjẹ àwọn tí ó kù ṣe ní ọjọ́ náà gan-an.

Gbogbo èyí tí mo ti sọ kò ràn. Èyí tí ó ń ràn ni ti Marek, tí dókítà ẹranko József Marek ní ilẹ̀ Húngárì kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1907. Ó sábà máa ń fara hàn nígbà tí adìyẹ bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 6: ẹsẹ̀ kan a nà síwájú, èkejì a nà sẹ́yìn. Eruku ìyẹ́ ni ó ń gbé e kiri, kò sì ní oògùn. Abẹ́rẹ́ tí a ń gún òròmọ ní ọjọ́ tí ó pa ni ìdènà rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ra ọmọ ọjọ́ kan, ẹ bi ẹni tí ń tà á bóyá a ti gún un. Bí ó bá ní kò sí ìdí fún un, ẹ gba ibòmíràn lọ.

Òròmọ 4 wà nínú apẹ̀rẹ̀ yìí, ọ̀kan nínú irú kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó ní ti Marek kò sí níbẹ̀, nítorí n kò fẹ́ gbé àrùn wọ àgbàlá yín. Ẹ sún mọ́ ibí, kí a gbé wọn lé àtẹ́lẹwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ fún mi èyí tí ẹ rò pé ó ń ṣe ẹni kọ̀ọ̀kan wọn.