Iṣẹ́ Ìdánwò àti Ọjọ́ Fúrídọ́ọ̀mù

 

Ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá dé Àgbárá láago mẹ́fà òwúrọ̀, ẹ ó bá àwọn ọmọ wa lórí ìlà, ọ̀rá oúnjẹ lọ́wọ́, bàtà àyálò lẹ́sẹ̀. Ẹnìkan á jáde, á ka orí mẹ́wàá, á ní kí ìyókù máa lọ. Àwọn mẹ́wàá náà gan-an ò tíì ríṣẹ́; wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dán wọn wò ni.

Mo ti tò lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo jáde ilé-ìwé girama, ilé-iṣẹ́ kan ní kí n wá fi ọwọ́ mi hàn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Páálí ni mo ń gbé, láti ìdí ẹ̀rọ dé inú ọkọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní àwọn á ránṣẹ́ pè mí. Bí mo ṣe ń jáde ni àwọn mìíràn ń wọlé wá fi ọwọ́ tiwọn hàn. Mo ṣì ń retí ìpè náà o.

Àwọn kan á ní ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ṣe ń sin ọ̀gá. Kò jọra. Òbí ọmọ tó lọ kọ́ télọ̀ á jókòó ti ọ̀gá, wọ́n á dá ọdún. Lóòótọ́, ọmọ á pọnmi, á sì gbálẹ̀, ọ̀gá mìíràn tilẹ̀ máa ń ṣàṣejù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ fúrídọ́ọ̀mù ń bọ̀: àdúrà, ìwé ẹ̀rí, ìrẹsì nínú abọ́, ọmọ di ọ̀gá ara rẹ̀.

Ìjọba náà mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní ètò àti òpin. Ọdún 1971 ni wọ́n dá ITF, àjọ tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, sílẹ̀. Nígbà tó di 1973, ètò SIWES dé, èyí tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní IT. NDE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìpèsè iṣẹ́, tẹ̀ lé e ní 1986. Ní Àgbárá níbí, Nestlé ṣí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní 2011: oṣù méjìdínlógún, ìwé ẹ̀rí City and Guilds lópin rẹ̀. Èyí ló jọ ti télọ̀. Ṣùgbọ́n àyè ibẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrò tó wà lẹ́nu géètì.

Òfin òṣìṣẹ́ ti 1974 ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn, ó pẹ́ tán, kí oṣù mẹ́ta tó pé. Kò sọ pé oṣù mẹ́ta náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó ń pààrọ̀ ọmọ lọ́sẹ̀ méjì-méjì kò ní dé ibi ìwé láéláé.

Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan béèrè lẹ́nu géètì pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ wo ni ìdánwò yìí máa parí?” Ọkùnrin tó ń ka orí wò ó tìyanu-tìyanu, ó ní, “Ta ló rán ẹ wá?”