Okùn Fáíbà Nínú Ọkàn Ènìyàn àti Lára Afárá



Okùn fáíbà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ yín máa ń mọ nǹkan lára. Bí wọ́n bá fà á, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, bí ooru bá mú un, ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ á yí padà, a sì lè wọn ìyípadà náà.

Ní ọdún 1978, ní Ottawa ní Kánádà, Ken Hill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tan iná lésà sínú okùn gíláàsì kan. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n rí i pé ìmọ́lẹ̀ tó ń padà bọ̀ ń pọ̀ sí i. Lésà náà ti fín ilà wẹ́wẹ́ sínú gíláàsì. Irú ilà bẹ́ẹ̀ máa ń dá àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo padà, á jẹ́ kí ìyókù kọjá. Tí okùn bá nà, àwọn ilà á jìnnà síra, àwọ̀ tó ń padà á sì yí. Okùn bẹ́ẹ̀ ti di sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń wọn nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká gbé e dé inú ọkàn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, dókítà lè ki ọ̀pá rírọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba iṣan ẹ̀jẹ̀ itan rẹ̀ dé ọkàn, kó fi iná jó ibi tí wàhálà ti ń wá. Bí orí ọ̀pá náà bá kàn fara kan ọkàn lásán, iná ò ní wọlé dáadáa, àìsàn lè padà. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ jù, ó lè lu ọkàn já, kí ẹ̀jẹ̀ dà yí i ká. Tẹ́lẹ̀, bí ọwọ́ dókítà bá ṣe gbọ́ ọ ló máa ń tẹ̀lé. Nínú ọ̀pá kan tó ń jẹ́ TactiCath, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2014, sẹ́ńsọ̀ fáíbà mẹ́ta ló yí orí ọ̀pá náà ká. Bó bá ti tẹ̀, ìmọ́lẹ̀ inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á yí padà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kọ̀ǹpútà á sì ka agbára náà ní gíráàmù, pẹ̀lú ìhà tó ti wá. Iná mànàmáná tó ń jó ara lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò dà á láàmú, nítorí gíláàsì kì í gbé iná. Ohun tó wú mi lórí jù nìyí.

Ìbéèrè kan náà ni ẹnjiníà ń bi afárá: ẹrù tó wà lọ́rùn rẹ ti pọ̀ tó? Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2007, afárá I-35W wó sínú odò Mississippi ní Minneapolis, ènìyàn 13 sì kú. Àwọn irin pẹlẹbẹ tó so ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra ti tín-ín-rín jù láti inú àwòrán ìkọ́lé. Sẹ́ńsọ̀ kò lè tún àwòrán burúkú ṣe. Àmọ́ nígbà tí wọ́n kọ́ tuntun ní 2008, wọ́n fi ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ sí i lára, ti fáíbà wà lára wọn.

Ooru ló ń da iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ onílà rú. Kí ooru fi ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì kan péré lé, àwọ̀ á yí bí ẹni pé a fa okùn náà gùn ní nǹkan bíi mílímítà 8 nínú kìlómítà kan. Ìdí nìyí tá a fi ń fi sẹ́ńsọ̀ kejì, tí nǹkan kan kò fà, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Irú sẹ́ńsọ̀ fáíbà mìíràn tó tún dé kò nílò ilà kankan. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tó ń ta padà láti ibi gbogbo nínú okùn ni wọ́n ń kà. Ní 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn abẹ́lẹ̀ tó wà ní Yunifásítì Stanford gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀. Irú okùn bẹ́ẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà wa ní Èkó àti Ìbàdàn. Ẹ̀rọ tó ń kà á ló wọ́n. Mo bẹ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni okùn: ẹ yá àwọn yunifásítì wa ní ẹyọ kan tí ẹ ò lò. Kí àwọn yunifásítì pawọ́ pọ̀ ra ẹ̀rọ kan, kí wọ́n kọ́kọ́ fi gbọ́ bí afárá wa ṣe ń mì lábẹ́ tírélà.